Ta Ló Jẹ Ẹsẹ̀ Àga Ìyá Àgbà?

Ìyá ò tíì jókòó dáadáa tí àpótí ìjókòó rẹ̀ fi yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sáré di ẹ̀rọ ìránṣọ mú, aṣọ tó fẹ́ rán já bọ́, agolo bọ́tìnnì sì dà sílẹ̀. Nígbà tó dìde tó dojú àpótí náà dé, ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kúrú ju àwọn yòókù lọ, ojú eyín sì kún ibẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

"Ayùn," ni Ìyá pè, ohùn rẹ̀ tutù. Nínú ilé yẹn, bí ohùn Ìyá bá ti tutù, ọ̀rọ̀ ti burú nìyẹn.

Ayùn tí mò ń wí yìí kì í ṣe irin iṣẹ́ o, ọmọ ajá ni. Ajá pupa kan báyìí, etí kan dúró, èkejì wó, tí wọ́n ń sìn nílé káfíńtà. Gíga, ọmọṣẹ́ Bàbá, ló sọ ọ́ lórúkọ náà lọ́jọ́ tí ajá náà fi eyín gé bàtà rẹ̀ sí méjì. Láti ìgbà tó ti dé, ó ti jẹ etí tábìlì, ó ti jẹ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ti fi ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe ìpápánu. Bẹ́ẹ̀, ilé ẹni tó ń ṣe àga tà ni o. Oníbàárà kan wọ pálọ̀ lọ́jọ́ kan, ó wo àwọn àga tó wà níbẹ̀ yí ká, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé irú èyí náà lẹ fẹ́ ṣe fún mi?" Bàbá yára mú un jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá ṣì ń ṣa bọ́tìnnì nígbà tí Bàbá yọ láti ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, pẹ́ńsùlù létí rẹ̀. Ó wo àpótí, ó wo ajá. Ajá náà wò ó padà, ó ju ìrù.

"Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ," ni Bàbá wí. "Dírẹ́bà tó ń kó pákó wá fún wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní wọ́n ń wá ajá tó máa ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Kí eléyìí máa bá a lọ. Igi pọ̀ níbẹ̀, kó jẹ ẹ́ yó."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì gbọ́ tẹnu ẹni tí ẹ fẹ̀sùn kàn."

Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ló bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ yẹn, pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn. Lọ́yà ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò. Ó ti ro ẹjọ́ ara rẹ̀, ó ti ro ti Gíga, kódà ó ti ro ẹjọ́ adìyẹ aládùúgbò tó wọlé wá da omi nù, adìyẹ náà sì jàre.

"Ó dáa," ni Bàbá dáhùn. "Kó sọ tẹnu ẹ̀ ká gbọ́."

Ayùn yán. Gíga fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu kí Ọ̀gá rẹ̀ má rí ẹ̀rín.

"Ẹ fún mi láyè di Sátidé," ni Lọ́yà wí. "Màá wá nǹkan ṣe sí i. Bí kò bá jẹ àga kankan mọ́ títí Dírẹ́bà fi dé, kó máa bá wa gbé. Bó bá jẹ ẹ, èmi fúnra mi ni màá gbé e sínú ọkọ̀."

"O gbọ́ ohun tó o sọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá."

"Ìyá, ẹ bá wa ṣe ẹlẹ́rìí."

Ìyá àgbà ni Bàbá ń bá sọ̀rọ̀, ìyá tó bí i lọ́mọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí àga rẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó láràárọ̀. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé náà, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kan àga yẹn fún un lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra. Kò sí ìṣó kankan lára rẹ̀. Igi wọnú igi, ó sì dúró. Ẹlòmíràn kì í jókòó lórí rẹ̀. Àlejò tí kò bá mọ̀, wọ́n á rọra fi ìjókòó mìíràn lọ̀ ọ́.

"Mo ti gbọ́," ni Ìyá àgbà dáhùn. "Lọ́yà, bá oníbàárà rẹ sọ ọ̀rọ̀ gidi."

Lọ́yà fẹ́ràn ajá yẹn. Kò sí ọjọ́ tó bá ti ilé ìwé dé tí Ayùn kì í pàdé rẹ̀ ní ìkóríta, tí yóò máa fò mọ́ ọn bíi pé ọdún ti gorí ọdún tí wọ́n ti ríra gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí ìdánwò ìṣirò kò bọ́ sí i rárá, tí kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ajá náà gbé àgbọ̀n lé títí inú rẹ̀ fi rọ̀. Báwo ni yóò ṣe wá gbé e sínú ọkọ̀ pákó?

Ata ló kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó lọ ata, ó pò ó mọ́ omi, ó sì fi ra ẹsẹ̀ gbogbo àga tó wà ní pálọ̀. Ọgbọ́n náà dára, àbùkù kan ṣoṣo ló ní: kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ayùn fi ahọ́n kan án, ó sín, ó lọ mu omi. Bàbá ní tirẹ̀ wá gbé àga kan tó ń mì kó lè tún un ṣe. Ẹsẹ̀ àga náà ló dì mú, ó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi ọwọ́ yẹn nu òógùn ojú.

Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ orúkọ Lọ́yà lọ́jọ́ náà. Bàbá ki orí bọ inú báàfù omi, Ìyá ń bu omi sí i lọ́rùn, Gíga sì ti fara pa mọ́ sẹ́yìn pákó, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé pákó ń mì.

"Ata ò ta ẹni tó ń jẹ àga," ni Bàbá ń wí nínú báàfù. "Ẹni tó kàn án ló ta."

Lọ́jọ́ kejì, Lọ́yà fi okùn so Ayùn mọ́ èèkàn kan lẹ́yìnkùlé kó tó lọ sílé ìwé. Nígbà tó ń bọ̀ lọ́sàn-án, ta ló dúró dè é ní ìkóríta? Ayùn ni, pẹ̀lú okùn lọ́rùn, àti ìdajì èèkàn tó ń wọ́ tẹ̀lé e.

"Èèkàn kì í ṣe àga," ni Lọ́yà sọ kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

Bàbá fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló jáde. "Ẹjọ́ lo mọ̀ ọ́n rò. Mo gbà. Kì í ṣe àga."

Ó wá ku ọ̀la tí Sátidé máa pé. Lọ́yà ti ilé ìwé dé, kò rí Ayùn ní ìkóríta. Ó yára ẹsẹ̀. Ìyá ti lọ fi aṣọ jíṣẹ́ fún ẹni tó ni ín, Bàbá ti lọ kan ilẹ̀kùn síbì kan, Ìyá àgbà sì ń sùn ní yàrá. Ilé dákẹ́, àfi ohùn kan tó ń lọ wọ́rọ́wọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Abẹ́ àga Ìyá àgbà ni Ayùn dùbúlẹ̀ sí, ó gbá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga náà mọ́ra, ó ń jẹ ẹ́ tìgbádùn tìgbádùn. Ohun tó kù níbi tó ti jẹ ẹ́ kò ju bí ọmọ ìka méjì lọ.

Lọ́yà sọ àpò ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ayùn fi àga sílẹ̀, ó wá ń lá omijé lójú rẹ̀, èyí tó wá mú ẹkún náà le sí i.

Gíga gbọ́, ó jáde láti ṣọ́ọ̀bù. Ó wo àga, ó mí kanlẹ̀. Òun náà fẹ́ràn ajá yẹn.

"Dìde," ló wí. "Lọ mú gọ́ọ̀mù wá. A ó pò ó mọ́ lẹ́bú igi, a ó fi dí i, a ó fi sáńpépà họ ọ́, a ó fi fáníìṣì lé e. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Bùrọ̀dá Gíga, àga Ìyá àgbà ni o."

"Mo rí i. Ọ̀la nìkan la fẹ́ kó kọjá. Bí Dírẹ́bà bá ti lọ, màá wá àyè tún un ṣe dáadáa. Àbí o fẹ́ kí ajá lọ?"

Rárá, kò fẹ́ kí ajá lọ. Ó mú gọ́ọ̀mù wá. Ọmọ káfíńtà ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ó dí i, ó họ ọ́, ó fi fáníìṣì lé e títí àwọ̀ rẹ̀ fi bá ti ara igi mu. Ẹni tó bá wò ó, yóò ní bó ṣe wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, Lọ́yà ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń bẹ̀rù, ojú sì ń tì í.

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn jókòó síta. Inú Bàbá dùn. Ó ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yẹn nígbà tó dé, kò sì rí nǹkan kan.

"Lọ́yà," ló wí, "ó jọ pé o máa jàre o. Ọ̀la ni Sátidé, mi ò sì rí ojú eyín tuntun kankan."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní bí Ayùn bá lè dúró, òun á dárí àpótí jì í. Gíga ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà wá jáde láti yàrá pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì lọ́wọ́, ó kẹ̀yìn sí àga rẹ̀, ó na ọwọ́ kan sẹ́yìn láti wá apá àga náà, bó ṣe máa ń ṣe nígbà gbogbo.

"Ìyá àgbà, ẹ má jókòó."

Lọ́yà ti dìde dúró kó tó mọ̀. Gbogbo ojú yí sí i. Irọ́ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ti dé góńgó: kó ní fáníìṣì ló wà lára àga, kò tíì gbẹ. Wọn ì bá gbà á gbọ́. Ìyá àgbà ì bá sì jókòó síbẹ̀ lọ́la, tàbí lọ́túnla. Ó wo Ìyá àgbà tó ti tẹ orúnkún láì tíì jókòó, tó ń retí pé kó sọ ìdí rẹ̀ fún òun.

"Ayùn ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀," ni Lọ́yà wí. "Èmi ni mo fi gọ́ọ̀mù bò ó."

Bàbá dojú àga náà dé, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gọ́ọ̀mù náà rún, ó já bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó wò ó pẹ́.

"Iṣẹ́ yìí mọ́," ló wí. "Ó tan èmi pàápàá jẹ. Ta ló kọ́ ẹ?"

Gíga ló dìde. "Ọ̀gá, èmi ni. Ẹ má bínú."

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì." Bàbá kò pariwo. "Igi tí ajá jẹ, mo lè tún un ṣe, torí mo rí i. Èyí tí ẹ fi gọ́ọ̀mù bò, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí n tún un ṣe? Ìgbà tí ìyá mi bá ṣubú ni màá tó mọ̀. Ajá ò lè ṣe ibi tó tó yẹn."

Ìyá àgbà ti wá ibi jókòó lórí àtẹ̀gùn. "Lọ́yà kò jẹ́ kí n ṣubú," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí a ka ìyẹn sí oore fún un. Ọmọ mi, wá jókòó tì mí."

"Ajá ńkọ́?" ni Ìyá béèrè.

"Àdéhùn ni àdéhùn," ni Bàbá dáhùn. "Lọ́yà, láàárọ̀ ọ̀la, ìwọ lo máa bá mi ṣe ẹsẹ̀ tuntun fún àga yìí. Bí Dírẹ́bà bá sì dé, kí ajá máa lọ."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Lọ́yà kò ro ẹjọ́ kankan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá fá igi, òun ń fi sáńpépà họ ọ́. Ayùn dùbúlẹ̀ sáàárín èérún igi, kò mọ nǹkan tó ń bọ̀ wá bá a. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ìró ọkọ̀ níta. Dírẹ́bà wọlé, ọkùnrin sísanra kan tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó ní, "Ajá náà dà?"

"Ó wà níbí," ni Bàbá wí. "Jẹ́ kí n gé èyí tán."

Ó wọn ẹsẹ̀ àga tuntun náà, ó sì fi ayùn gé orí rẹ̀ kúrò. Ìgékù igi bọ́ sílẹ̀. Bàbá ò tiẹ̀ wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó jù ú sápá ibi tí ajá wà. "Gbà, olè." Ayùn fò, ó fi ẹnu hán an, ó dùbúlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Wọ́rọ́wọ́rọ́.

Sáńpépà já bọ́ lọ́wọ́ Lọ́yà.

"Bàbá, ẹ dákun, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Kí lẹ jù fún un?"

"Ìgékù igi ni. Ṣebí mo máa ń jù ú fún un." Bàbá wo ẹnu ajá, ó gbé ayùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́yà ti dìde. Ohùn rẹ̀ ti padà. "Bùrọ̀dá Gíga, kí lẹ̀yin máa ń fún Ayùn tó bá ń yọ yín lẹ́nu?"

Gíga họ orí. "Ìgékù igi."

Ìyá ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Lọ́yà yíjú sí i. "Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ègé igi kékeré kan ni mo máa ń fún un kó má baà dá mi lọ́wọ́ kọ́ nídìí ẹ̀rọ. Ó máa ń jẹ́ kó sinmi."

"Ìyá àgbà?"

"Èmi?" Ìyá àgbà tẹ̀lé Ìyá lẹ́yìn, ó rọra ń rẹ́rìn-ín. "Mo máa ń ju igi díẹ̀ sí i lábẹ́ àga mi níbẹ̀ yẹn, kó lè bá mi ṣeré."

"Lábẹ́ àga," ni Lọ́yà tún un sọ. "Èmi náà wà níbẹ̀ o. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ilé ìwé dé, igi ni mo máa ń jù kó sáré mú un wá. Tó bá mú un wá, màá yìn ín." Ó gba ìgékù náà lẹ́nu Ayùn, ó mú ẹsẹ̀ àga àtijọ́ tó ti bà jẹ́, ó gbé méjèèjì sókè níwájú wọn. "Bàbá, igi rèé, igi rèé. Èyí, a fọwọ́ ara wa fún un. Èyí, a fẹ́ lé e jáde nílé torí ẹ̀. Ta ló sọ ìyàtọ̀ wọn fún un? Ẹ ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó gbọ́ fèrè. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Àwa la fun fèrè náà pé kó máa jẹ igi."

Dírẹ́bà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá pákó fara tì. "Ọ̀gá," ló wí, "ẹ ti ṣi ọ̀daràn mú. Gbogbo yín lẹ máa wọkọ̀ báyìí, ajá á máa ṣọ́lé."

Ẹ̀rín mú Ìyá, ó mú Ìyá àgbà, ó mú Gíga. Bàbá gbìyànjú láti le ojú, kò ṣeé ṣe. Ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó jókòó sórí pákó. "Lọ́yà, o ti mú adájọ́ fúnra ẹ̀. Ajá dúró."

Lọ́yà gbá Bàbá mọ́ra, ó gbá Ayùn mọ́ra, èérún igi sì lẹ̀ mọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi tí kò mọ ohun tó lè ṣe sí i.

Dírẹ́bà lọ gé okùn tó nípọn lára èyí tó fi ń di ẹrù, ó ta á ní kókó lórí kókó, ó jù ú sí ajá. "Èyí ni kẹ́ ẹ máa fún un. Kò sí okùn lára àga."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi igi kan Ayùn lẹ́nu mọ́. Bó bá sún mọ́ ẹsẹ̀ àga, wọ́n á ní "Rárá" láìlù ú, wọ́n á fún un ní okùn rẹ̀. Bó bá jẹ okùn, wọ́n á yìn ín. Ní àárọ̀, Lọ́yà máa ń sáré pẹ̀lú rẹ̀ yí àdúgbò ká kó tó wẹ̀ lọ sílé ìwé, kí agbára tó fi ń ba nǹkan jẹ́ lè dín kù. Nígbà tí wọn ò bá sí nílé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn pálọ̀. Ọjọ́ kan kọ́ ló yé e. Àwọn ará ilé gan-an ló pẹ́ kó tó yé. Bàbá ṣì máa ń bẹ̀rẹ̀ mú ìgékù igi, ọwọ́ rẹ̀ á sì dúró lókè, torí Lọ́yà á ti wúkọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìgékù kan yọ̀ bọ́ lórí tábìlì iṣẹ́. Ayùn gbé e. Gbogbo wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ajá náà gbé igi lọ síwájú Bàbá, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì lọ wá okùn rẹ̀. Bàbá yọ fìlà fún un.

Àga Ìyá àgbà ti padà sẹ́nu ọ̀nà lórí ẹsẹ̀ tuntun, láìsí ìṣó, láìsí gọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá yìn ín níwájú Lọ́yà, ó máa ń sọ fún wọn pé òun kọ́kọ́ fi irọ́ dí i. Ó ti rí i pé ká ní òun purọ́ nípa fáníìṣì yẹn ni, òun kò ní sí ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Sátidé láti rí ohun tí Bàbá jù sílẹ̀, Ayùn ì bá sì máa bá ìwà náà lọ. Àṣìṣe tí a bá bò mọ́lẹ̀ kò lè kọ́ wa ní nǹkan kan. Èyí tí a bá jẹ́wọ́ ni a lè tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tó bá fẹ́ na ọmọ tàbí ajá torí ìwà kan, kó kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀ bóyá òun ló kọ́ ọ ní ìwà náà.

Bàbá kò ju ẹsẹ̀ àga tí Ayùn jẹ nù. Ó gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ojú eyín rẹ̀ síta. Àwọn oníbàárà máa ń gbójú sókè, wọ́n á wo ajá tó sùn sórí okùn, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ta ló jẹ igi yìí?"

"Àwa ni," ni Bàbá máa ń dáhùn. "Gbogbo wa la jẹ ẹ́."